Owó-Orí Ilé Ń Wọlé ní Texas, Ilé-Ìwé Ṣì Ń Pariwo Àìrówó: Ibo Ni Owó Náà Ń Gbà?

Bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, ìwé owó-orí ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé ní Houston, Katy, Richmond àti Missouri City. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé agbègbè yẹn ò kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé torí ilé-ìwé ọmọ ni wọ́n ṣe ra ilé síbi tí wọ́n rà á sí. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà á rí i pé apá tó pọ̀ jù nínú owó ọ̀hún, ilé-ìwé ló ń gbà á. Kó tó gbé ìwé kalẹ̀, ó ti tún gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ ilé-ìwé kù, tàbí pé wọ́n fẹ́ ti àwọn kan pa. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé Austin dìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé àwọn máa ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa. Fort Worth náà ti fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣáájú lọ́dún kan náà. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e lórí WhatsApp ò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ń kó owó wa jẹ?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa fi owó ṣòfò níbì kan o, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni búra. Àmọ́ kódà bí gbogbo wọn bá jẹ́ olóòótọ́ pọ́ńbélé, ọ̀rọ̀ yìí á ṣì rí bó ṣe rí, nítorí bí òfin ṣe tò ó nìyẹn. Owó tí ẹ ń san lórí ilé yín àti owó tí ilé-ìwé ọmọ yín rí ná, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ̀kan lè ga fíofío kí èkejì má kúrò lójú kan.

Ta ló ń ṣe kí ni?

Wọ́n pín Texas sí ẹkùn ilé-ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. ISD ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí àwọn ará àdúgbò dìbò yàn, ìgbìmọ̀ yìí ló ń ṣe ètò ìṣúná, òun náà ló láṣẹ láti bu owó-orí lé ilé. Ààlà ISD kì í bá ààlà ìlú mu. Àdírẹ́sì yín lè jẹ́ Houston kó jẹ́ pé Alief ISD tàbí Fort Bend ISD lẹ ń sanwó fún. Ẹni tó ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta dé ní láti fara balẹ̀ kí èyí tó yé e, torí pé nílé, látinú owó tí Àbújá ń pín ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tíṣà ti ń wá. Kò sẹ́ni tó ń pe onílé kan ní Mọ́níyà kó wá dìbò lórí bóyá kí wọ́n fi kọ́bọ̀ mẹ́ta kún owó ilé-ìwé.

Ìgbìmọ̀ ISD kọ́ ló ń díye lé ilé yín. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe ìyẹn ní kaúńtì kọ̀ọ̀kan, appraisal district lorúkọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ń sọ iye sẹ́ǹtì tí wọ́n máa gbà lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, tó wà ní Austin, ló ń sọ ibi tí sẹ́ǹtì náà ò gbọdọ̀ kọjá, àti iye tí ilé-ìwé lẹ́tọ̀ọ́ sí lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí owó bá wá ga, ẹni àkọ́kọ́ á ní kẹ́ ẹ bi ẹnì kejì, ẹnì kejì á ní kẹ́ ẹ bi ẹnì kẹta.

Sẹ́ǹtì yẹn fúnra rẹ̀ pín sí méjì lórí ìwé. Èyí tí wọ́n kọ M&O sí ni ti ìnáwó ojoojúmọ́: owó oṣù tíṣà, iná, epo bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, ìwé. Èyí tí wọ́n kọ I&S sí ni wọ́n fi ń san gbèsè tí wọ́n jẹ láti kọ́ ilé-ìwé, àti èlé orí rẹ̀. Òfin ò gbà kí wọ́n fa owó I&S yọ láti fi san owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí pápá bọ́ọ̀lù tuntun fi lè máa dán gbinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí olùkọ́ orin rẹ̀ máa lọ. Inú máa ń bí àwọn òbí tí wọ́n bá rí i, mi ò sì bá wọn wí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ilé náà tó 340,000 dọ́là, ẹni tó ni ín ló ń gbé inú rẹ̀, M&O jẹ́ 70 sẹ́ǹtì lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là, I&S sì jẹ́ 40. Ìdẹ̀rùn tí wọ́n ń pè ní homestead exemption á kọ́kọ́ yọ 140,000 kúrò nínú iye ilé náà. Ó ku 200,000. M&O á jẹ́ 1,400 dọ́là, I&S á jẹ́ 800, àpapọ̀ rẹ̀ 2,200. Ilé tó dojú kọ ọ́, tí iye wọn dọ́gba, àmọ́ tí ẹni tó ni ín ò tíì kọ fọ́ọ̀mù homestead, á san 3,740. Ìyàtọ̀ 1,540 dọ́là lọ́dún, torí fọ́ọ̀mù tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni! 140,000 yìí ò tíì pẹ́ rárá, oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i. 100,000 ni láti 2023, 40,000 sì ni ní 2022.

Bí owó ṣe ń gba ẹ̀yìn jáde

Nígbà tí ìpínlẹ̀ bá ń pín owó ilé-ìwé, orí ọmọ ló ń kà, kì í ka ilé. Òfin ti kọ iye kan sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, basic allotment ni wọ́n ń pè é, 6,160 dọ́là ló sì jẹ́ láti 2019 títí wọ 2025. Wọ́n máa ń fi nǹkan kún un fún ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú, ọmọ tí òbí rẹ̀ ò rí jájẹ, tàbí ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Tí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó bá já sí ni ẹ̀tọ́ ISD náà fún ọdún yẹn. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá bi í pé: èló lowó-orí ilé àdúgbò yín mú wọlé? Ohun tó bá kù kí ẹ̀tọ́ náà pé ni ìpínlẹ̀ á fi kún un.

Ká mú ISD kékeré kan tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 dọ́là. Lọ́dún tó kọjá, owó-orí ilé mú mílíọ̀nù 6 wá, ìpínlẹ̀ fi 4 dí i. Lọ́dún yìí ilé gbówó lórí, owó-orí di mílíọ̀nù 7. Èló ni ISD wá ní báyìí? Mílíọ̀nù 10 náà ni. Ìpínlẹ̀ kàn fa ọwọ́ sẹ́yìn ni, ó san 3 dípò 4. Mílíọ̀nù kan tí àwọn onílé fi òógùn ojú fi kún un, ìjọba ìpínlẹ̀ ló bá dín ẹrù kù, tíṣà ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Tí owó-orí bá sì wá di mílíọ̀nù 11, wọ́n á gba mílíọ̀nù kan tó lé yẹn lọ pátápátá. Recapture ni òfin pè é. Robin Hood ni àwọn ará ìlú ń pè é, orúkọ olè inú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba tọwọ́ olówó fún tálákà.

Bó ṣe rí náà nìyẹn níhà kejì. Tí ìdẹ̀rùn homestead bá gé owó-orí kù, ìpínlẹ̀ ló ń dí àlàfo náà, nítorí náà ilé-ìwé ò pàdánù nítorí pé ẹ gba ìdẹ̀rùn tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dójú tì yín. Láti 2019 pẹ̀lú, òfin tún ń tẹ sẹ́ǹtì M&O wálẹ̀ bí iye ilé bá ṣe ń gòkè. Yàtọ̀ sí ìdìbò kan tí a máa kàn nísàlẹ̀, ohun tó lè mú kí àpò ilé-ìwé wú gan-an ò ju kí àwọn aṣòfin fi kún iye orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ọmọ pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ iye ọmọ yìí ní ohun kan nínú tó kan àwa gan-an. Iye ọmọ tó wá sí kíláàsì lójoojúmọ́ ni Texas ń sanwó lé, kì í wo iye tó forúkọ sílẹ̀. Òbí tó bá kó ọmọ lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì nígbà tí ìsinmi ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ọjọ́ tí ọmọ ò sí níbẹ̀ ló ń dín owó ilé-ìwé kù. Tíṣà rẹ̀ ṣì ń gba owó oṣù, iná kíláàsì ò sì kú. Tí ilé-ìwé bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lemọ́lemọ́ lórí pípa ilé-ìwé jẹ, owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

San Antonio, níbi tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀

Kò sẹ́ni tó dédé jókòó ronú ètò tó lọ́jú pọ̀ báyìí. Ẹjọ́ ló bí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, nǹkan bí 400 akẹ́kọ̀ọ́ Edgewood High School ní San Antonio jáde kúrò ní kíláàsì. Wọ́n ní ilé-ìwé àwọn ń wó, àti pé ọ̀pọ̀ tíṣà àwọn ò ní ìwé ẹ̀rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ìran Mẹ́síkò. Ọ̀kan lára àwọn òbí, Demetrio Rodriguez, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ irin pẹlẹbẹ ní ibùdó ológun òfuurufú Kelly, kó àwọn òbí mìíràn jọ, wọ́n sì gba kóòtù lọ.

Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà ṣì ń yani lẹ́nu títí dòní. Ní sáà 1967 sí 1968, Edgewood ń bu 1.05 dọ́là lé ọgọ́rùn-ún dọ́là iye ilé, ohun tó sì mú wá lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 26 dọ́là. Alamo Heights, níbi táwọn olówó San Antonio kan náà ń gbé, ń bu 85 sẹ́ǹtì péré. 333 dọ́là ló mú wá lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pín iye dúkìá Edgewood lé orí àwọn ọmọ ibẹ̀, kò tó 6,000 dọ́là fún ọ̀kan. Ti Alamo Heights lé ní 49,000. Àwọn tálákà ló ń san púpọ̀ jù ní ìdíwọ̀n, àwọn ló sì ń rí èyí tó kéré jù.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ní 1973, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá àwọn òbí náà lẹ́bi, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin: wọ́n ní òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ò ka ẹ̀kọ́ sí ẹ̀tọ́ tí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ gbèjà. Thurgood Marshall, adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilé-ẹjọ́ náà, wà lára àwọn mẹ́rin tó ta kò ó. Òbí Edgewood ò wá rí ibòmíràn lọ ju kóòtù Texas fúnra rẹ̀. Wọ́n tún pe ẹjọ́ ní 1984, nígbà tó sì di 1989, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Texas fẹnu kò pé ètò náà ta ko òfin ìpínlẹ̀. ISD tó lówó jù nígbà náà ní dúkìá tó lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tòṣì jù ní nǹkan bí 20,000. Àwọn aṣòfin gbìyànjú, kóòtù dà á nù. Wọ́n tún gbìyànjú, ó tún dà á nù. Ó di 1993 kí wọ́n tó ṣe òfin tó dúró. Òun ni Robin Hood.

Tèmi ni pé kò sí àbùkù nínú pé kí ibi tó ní ran ibi tí kò ní lọ́wọ́. Ohun tó yọ mí lẹ́nu ni pé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ní ti wá di ohun tí ìpínlẹ̀ fi ń dín ojúṣe ara rẹ̀ kù. ISD tí òfin ń pè ní olówó kì í fi gbogbo ìgbà rí bí a ṣe rò ó, àbí ta ló máa pe Houston ní ìlú àwọn olówó nìkan? Àwọn ilé-iṣẹ́ epo àti ilé gogoro àárín ìlú ló ń mú kí iye dúkìá rẹ̀ ga, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ wá láti ilé tí kò rí jájẹ. Nígbà tí recapture kọ́kọ́ kàn án ní 2016, àwọn olùdìbò Houston ní àwọn ò san. Ìpínlẹ̀ ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á gé àwọn dúkìá ńlá kan kúrò lára ISD náà kí òun fún ẹlòmíràn. Wọ́n tún dìbò ní oṣù Karùn-ún 2017, wọ́n sì gbà láti san. Austin ISD ló ń san jù lọ́dọọdún, òun náà ló wá ń ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa yìí.

Kí ló dé tó fi wá gbóná báyìí?

6,160 dọ́là tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 2019 ò yí padà fún ọdún mẹ́fà, ọjà sì gbówó lórí tó lé ní 20% láàárín àkókò náà. Ní 2023, ìpínlẹ̀ ní àṣẹ́kù owó 32.7 bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́. Wọ́n ná púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí dídín owó-orí ilé kù, àmọ́ àfikún iye tí wọ́n ń kà lé ọmọ kọ̀ọ̀kan há sínú ìjà lórí bóyá kí ìjọba máa fún òbí lówó láti fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Gómìnà Greg Abbott ń fẹ́ ẹ, àwọn aṣòfin ìgbèríko nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá forí ṣánpọ́n.

Ó di 2025 kí wọ́n tó rí i yanjú. Òfin HB 2 gbé nǹkan bí bílíọ̀nù 8.5 dọ́là kalẹ̀ fún ilé-ìwé ìjọba, àmọ́ 55 dọ́là péré ló kún basic allotment. Wọ́n ti fi orúkọ sí ìyókù: ní àwọn ISD ńlá, 2,500 dọ́là fún tíṣà tó ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, 5,000 fún ẹni tó ti lo márùn-ún sókè. Ó dára fún tíṣà. Àmọ́ ISD tí owó ìbánigbófò àti owó iná ń pa kú ò lè fọwọ́ kan án. Ìjókòó kan náà ló fọwọ́ sí SB 2, bílíọ̀nù kan dọ́là fún ilé-ìwé aládàáni, tó bẹ̀rẹ̀ láti sáà 2026 sí 2027. Ẹ wá fi kún un pé owó kòrónà tí ìjọba àpapọ̀ pín, nǹkan bí 190 bílíọ̀nù dọ́là káàkiri Amẹ́ríkà, dópin ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Àwọn ISD tó ti fi gba òṣìṣẹ́ ò rí ohun tí wọ́n máa fi san owó wọn mọ́.

Ibi tí ohùn yín ti lè dé

Ohun méjì ni ISD gbọ́dọ̀ wá bi yín. Tó bá fẹ́ yá owó kọ́lé, ó gbọ́dọ̀ gbé bond síwájú olùdìbò. Láti 2019, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé ìdìbò pé àfikún owó-orí ilé nìyí, kódà bí sẹ́ǹtì náà ò bá ní lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí gbólóhùn yẹn, wọ́n á sì tẹ rárá láìka ìyókù. Bond 4.4 bílíọ̀nù dọ́là tí Houston ISD gbé jáde ní 2024, àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́, àmọ́ ti ibẹ̀ ju ọ̀rọ̀ sẹ́ǹtì lọ: ìpínlẹ̀ ti gba àkóso ISD náà láti 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ní àwọn ò ní gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí àwọn ò yàn lọ́wọ́. Èkejì ni VATRE, ìdìbò tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ gbé M&O kọjá òté tí òfin fi sílẹ̀. Ìyẹn ló ń kan owó tíṣà tààrà, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde fún.

Yàtọ̀ sí ìdìbò, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ pe ará ìlú jókòó kó tó fọwọ́ sí ètò ìṣúná. ISD tí ọdún ìṣúná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje máa ń ṣe é ní oṣù Kẹfà, àwọn yòókù ní oṣù Kẹjọ. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àga tó ṣófo ló sì máa ń pọ̀ jù. Ìjà lórí iye tí wọ́n dá lé ilé, ọ̀dọ̀ appraisal district ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ìwé iye ilé ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù.

Homestead ńkọ́? Ilé tí ẹ ń gbé nìkan ló wà fún, ilé tí ẹ fi háyà ò sí níbẹ̀, àdírẹ́sì orí ìwé ìwakọ̀ yín sì gbọ́dọ̀ bá ti ilé mu. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan máa ń fi lẹ́tà tó jọ ti ìjọba ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rálé pé kó sanwó kí àwọn bá a kọ ọ́. Ẹ dà á nù. Ẹni tó gbàgbé lè padà kọ ọ́ láàárín ọdún méjì, kí wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó ti pé ọdún 65 ní àfikún 60,000 lórí 140,000 yẹn, owó-orí ilé-ìwé rẹ̀ ò sì ní máa gòkè mọ́ lórí ilé náà. Àmọ́ màmá tó wá bá ọmọ gbé ò lè mú ìdẹ̀rùn yìí wọlé bí orúkọ rẹ̀ ò bá sí lórí ìwé ilé.

Ní báyìí, Abbott ti ní òun fẹ́ kí wọ́n pa owó-orí ilé-ìwé rẹ́ pátápátá fún àwọn tó ń gbé ilé ara wọn. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Ó kù kí wọ́n sọ ibi tí owó náà máa gbà wọlé. Òfin Texas ti fòfin de owó-orí lórí owó oṣù láti 2019, èyí tó kù lọ́wọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni owó-orí ọjà, tó ti wà ní 8.25% ní ọ̀pọ̀ ìlú báyìí. Ayálégbé tó ń gbé àpátímẹ́ǹtì ní Alief ń san ti ọjà yẹn nígbàkigbà tó bá ra bàtà tàbí táyà. Owó-orí ilé tí ó ń bá onílé rẹ̀ san látinú owó ilé ẹ̀wẹ̀, wọn ò dárúkọ ìyẹn nínú èyí tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́.